Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Dídúró Níwájú Ọlọ́run Nítorí Ẹlòmíràn

Láti ìgbà tí a ti kéde pé a ó gba ìbéèrè lórí àdúrà nínú abala yìí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tí ó dé ọwọ́ wa ni ó dá lórí àdúrà tí ènìyàn ń gbà fún ẹlòmíràn, èyí tí àwọn kan ń pè ní àdúrà ẹ̀bẹ̀ tí àwọn mìíràn sì ń pè ní ìpẹ̀. A kò lè dáhùn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mú mẹ́fà, mo sì gé àwọn tí ó gùn jù kúrú, láìyí ohun tí olúkúlùkù béèrè padà.

ÌBÉÈRÈ: Aago márùn-ún ìdájí ni èmi àti ọkọ mi máa ń jí láti gbàdúrà fún ọmọ wa ọkùnrin tí ó wà ní òkèèrè, tí kò fẹ́ gbọ́ ohùn wa mọ́. Láìpẹ́ yìí ni ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò rí èsì fún. Ó ní, "Ọlọ́run ni ó dá ọmọ yìí, ó mọ ibi tí ó wà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwa méjèèjì lọ. Kí ni a tún ń sọ fún un tí kò mọ̀? Ṣé a fẹ́ yí i lọ́kàn padà ni?" Láti ọjọ́ náà ni ẹnu mi ti wúwo nídìí àdúrà. (Ìyá kan láti Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àfaradà. Ìbéèrè ọkọ yín kì í ṣe ìbéèrè aláìgbàgbọ́. Ẹni tí ó ti ronú jinlẹ̀ nípa irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ ni ó lè béèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba inú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa dé ibẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ bí ìpẹ̀ ṣe rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ṣẹ baba rẹ̀, ó sá lọ sí ilé àgbà kan ládùúgbò. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àgbà náà mú un dání, wọ́n jọ dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ dúró síta, kò lè wọlé. Àgbà wọlé, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àbúrò fún un. "Ẹ forí jì í. Èmi ni mo bẹ̀ yín." Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Baba yóò kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, yóò ka gbogbo ohun tí ọmọ náà ti ṣe láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn yóò ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde. Nítorí yín ni o."

Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀ títí mo fi dàgbà, ni pé nígbà púpọ̀, baba gan-an ni ó ti ránṣẹ́ sí àgbà yẹn láti ọ̀sán: "Ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ yìí wà, àbí? Ẹ bá mi mú un wá lálẹ́, kí ẹ sì wá bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un." Baba ti dárí jì í kí ẹnikẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀. Kí ló wá dé tí kò kàn pe ọmọ rẹ̀ wọlé? Ó fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Bí àgbà náà bá ti bẹ̀bẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ti kàn án láti ọjọ́ náà lọ, nítorí pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Bí ó bá tún dán irú rẹ̀ wò, èmi ni kí ẹ mú." Bí ọmọ kò bá lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe baba rẹ̀ nìkan ni yóò bi í léèrè ìdí.

Ibẹ̀ gan-an, ní tèmi, ni ìtumọ̀ àdúrà tí à ń gbà fún ẹlòmíràn wà. A kò mú ìròyìn lọ fún Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹ ka Gẹ́nẹ́sísì orí 18 dáadáa: kí Ábúráhámù tó la ẹnu, Ọlọ́run ni ó ti bi ara rẹ̀ bóyá òun yóò fi ohun tí òun fẹ́ ṣe sí ìlú Sódómù pamọ́ fún Ábúráhámù. Ó sọ ọ́ fún un, ó sì dúró kí ó lè bẹ̀bẹ̀. Ábúráhámù bẹ̀bẹ̀ pé kí ó dá ìlú náà sí bí àádọ́ta olódodo bá wà nínú rẹ̀, ó já a sí márùndínláàádọ́ta, sí ogójì, sí ọgbọ̀n, sí ogún, títí ó fi dé mẹ́wàá. Kò sí ibì kan tí Ọlọ́run ti ní kí ó dákẹ́. Ábúráhámù ni ó dá ọ̀rọ̀ dúró. Ìlú náà parun, lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí 19, ẹsẹ 29, sọ pé Ọlọ́run rántí Ábúráhámù, ó sì mú Lọ́ọ̀tì, ọmọ arákùnrin Ábúráhámù, jáde kúrò nínú ìparun náà. Nínú gbogbo ìpẹ̀ yẹn, Ábúráhámù kò dárúkọ Lọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́run gbọ́ orúkọ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò tíì dé ètè rẹ̀.

Bákan náà ni ó rí nínú Ìsíkíẹ́lì 22, ẹsẹ 30, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé òun wá ẹnì kan tí ìbá dúró ní ibi tí odi ti ya, nítorí ilẹ̀ náà, kí òun má baà pa á run, tí òun kò sì rí ẹnì kan. N kì í lè ka ẹsẹ yẹn kí n yára kọjá. Ọlọ́run ni ó ń wá ẹni tí yóò bẹ òun, bí baba tí ó ti ránṣẹ́ sí àdúgbò tí kò sì rí ẹni tí ó yọjú.

Ibì kan wà tí àkàwé àgbà àdúgbò kò dé. Ẹnì kan ti wà tí ó ti ṣe ìpẹ̀ yìí pé pérépéré ṣáájú gbogbo wa. Hébérù orí 7 pe Jésù ní onígbọ̀wọ́ májẹ̀mú tí ó dára jù, orí kan náà ni ó sì ti sọ pé ó wà láàyè títí láé láti máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Róòmù orí 8 sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: Ẹ̀mí ń bẹ̀bẹ̀ nínú wa pẹ̀lú ìrora tí a kò lè fi ẹnu sọ, Kristi sì ń bẹ̀bẹ̀ fún wa ní ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́run. Èyí já sí pé nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá jí ní aago márùn-ún, ẹ kò bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun kankan. Ẹ bá Jésù lẹ́nu rẹ̀ ni, lórí orúkọ ọmọ yín. Nítorí náà, ìyá wa, bí ẹnu bá wúwo, ẹ má fi ṣe ìdí láti sùn padà. Ẹ pe orúkọ ọmọ náà, kí ẹ sì jókòó sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ọkọ yín. Ìrora tí ó dí yín lẹ́nu yẹn gan-an wà lára ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ.

Ẹ sì rántí pé onígbọ̀wọ́ ni yín. Lẹ́yìn àdúrà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ohùn ìṣẹ́jú kan péré, tí kò ní ìwàásù nínú, tí kò ní ìbéèrè nípa ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bi í bóyá òtútù kò pọ̀ jù níbẹ̀, àti ohun tí ó jẹ lánàá. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bíbélì sọ pé Onílàjà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín Ọlọ́run àti ènìyàn. Ṣé kì í ṣe ipò Jésù ni a ń gbà bí a bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Tímótì Kìn-ín-ní orí 2, ẹsẹ 5, ni ẹ ń tọ́ka sí. Ẹ padà sí ẹsẹ kìn-ín-ní orí náà. Ibẹ̀ ni a ti gbà wá níyànjú, ṣáájú ohun gbogbo, pé kí a máa bẹ̀bẹ̀, kí a máa gbàdúrà, kí a máa ṣìpẹ̀, kí a sì máa dúpẹ́ nítorí gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn ọba tí kò mọ Kristi rárá nígbà náà. Ẹni tí ó kọ èkínní ni ó kọ ìkejì, kò sì rí ìjà kankan láàárín wọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Yorùbá náà gan-an. Onílàjà ni ẹni tí ó la ìjà; Jésù sì là á nípa fífi ara rẹ̀ ṣe ìràpadà, bí ẹsẹ 6 ti sọ. Kò sí ẹni tí ó lè bá a pín ìyẹn. Àwa kò la ìjà kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń gbà wọlé, pẹ̀lú ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń parí àdúrà ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sínú ìjọ Áńgílíkà yóò rántí Lítánì: àlùfáà a máa dárúkọ àwọn arìnrìn-àjò, àwọn obìnrin tí ń rọbí, àwọn aláìsàn, àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn ẹlẹ́wọ̀n; gbogbo ìjọ a sì máa dáhùn pé, "Àwa ń bẹ̀ ọ́ kí ìwọ kí ó gbọ́ tiwa, Olúwa rere." Tiwa ni wọ́n ń wí, kì í ṣe tiwọn. Aboyún tí ìjọ kò mọ̀ rí ti di tiwa lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún méjì ni a fi gbààwẹ̀ tí a sì fi gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ. Ó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹnì kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé bí ó bá ṣe pé ìgbàgbọ́ wa pé ni, kì bá tí kú. N kò tíì lè gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà. (Àbúrò kan láti Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu omijé ojú yín. Lẹ́tà yín ni mo kà tí mo pa gbogbo èyí tí ó kù tì fún ọjọ́ méjì.

Ohun tí ẹni náà sọ fún yín kì í ṣe òtítọ́, inú Bíbélì kan náà tí ó gbé dání ni mo sì ti fẹ́ fi hàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Hẹ́rọ́dù ti Pétérù mọ́lé, ó sì fi í lé ọ̀wọ́ ọmọ-ogun mẹ́rin lọ́wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ènìyàn mẹ́rin. Ní òru ọjọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ yóò mọ́ kí ó mú un jáde, Pétérù sùn láàárín ọmọ-ogun méjì, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n méjì lára. Ìjọ ń gbàdúrà fún un láìsinmi. Áńgẹ́lì mú un jáde, ó sì lọ sí ilé Màríà ìyá Jòhánù tí a ń pè ní Máàkù, níbi tí wọ́n ti péjọ tí wọ́n ń gbàdúrà. Ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ródà wá wò ó, ó dá ohùn Pétérù mọ̀, ayọ̀ sì mú un gbàgbé láti ṣílẹ̀kùn. Ó sáré wọlé lọ sọ fún wọn. Kí ni àwọn aládùúrà wí? Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tí ó tẹnu mọ́ ọn, wọ́n ní áńgẹ́lì Pétérù ni. Pétérù ṣì wà níta, ó ń kan ilẹ̀kùn.

Àwọn tí Ọlọ́run dá lóhùn ní òru yẹn kò gbà gbọ́ pé ó ti dá wọn lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbàgbọ́ tí kò lábùkù ni owó ìtanràn tí a ń san kí ẹni tí a ń gbàdúrà fún tó yè, Pétérù ìbá kú lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wá gòkè sí ẹsẹ kejì orí kan náà. Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Gbólóhùn kan péré ni. Ìjọ kan náà ni, ìlú kan náà, ọba kan náà. Kò sí ibi tí Lúùkù ti sọ pé ìjọ fẹ́ràn Jákọ́bù kéré sí Pétérù, tàbí pé wọ́n gbàdúrà fún un láàbọ̀. Ó kọ ikú ọ̀kan àti ìtúsílẹ̀ èkejì sí ojú ìwé kan, kò sì ṣàlàyé ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù, tí a ti mú aṣọ ìnujú ara rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn ní Éfésù tí ara wọn sì dá, kọ̀wé sí Tímótì pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù. Òun fúnra rẹ̀ bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tí ó wà lára rẹ̀, ẹ̀gún náà kò sì kúrò. N kò ní ìdí kankan láti fún yín nípa ikú ẹ̀gbọ́n yín, mo sì bẹ̀ yín pé ẹ má ṣe gba ìdí kankan lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní òun ní in.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹ ṣe fún ọdún méjì. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín láìmọ̀ pé ẹ̀ ń kọ ọ́: bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ òru pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn, bí ẹ ṣe ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i lẹ́nu, bí ẹ ṣe ń kọ orin fún un nígbà tí kò lè kọrin mọ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin inú Máàkù orí 2 gbé ọ̀rẹ́ wọn tí ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ gun orí òrùlé, wọ́n dá òrùlé olórùlé lu, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú Jésù. A kò kọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ sílẹ̀. Èjìká wọn ni àdúrà wọn. Ẹ̀yin náà gbé ẹ̀gbọ́n yín dé ibi tí agbára yín mọ, orí èjìká yín ni ó sì wà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Olúwa.

Ní ti pé ẹ kò lè gbàdúrà, ẹ má fi ipá mú ara yín. Nígbà tí Ísírẹ́lì ń bá Ámálékì jà ní Réfídímù, ọwọ́ tí Mósè gbé sókè kí Ísírẹ́lì lè borí wúwo. Áárónì àti Húrì kò bá a wí. Wọ́n gbé òkúta sábẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ọ̀kan di ọwọ́ kan mú, èkejì di ọwọ́ kejì mú, títí oòrùn fi wọ̀. Ọwọ́ yín ni ó wúwo báyìí. Ẹ wá ènìyàn méjì tí ẹ fọkàn tán, tí kò ní bi yín ní ìbéèrè, kí ẹ ní, "N kò lè gbàdúrà. Ẹ bá mi gbà á." Kí ẹ sì jókòó.

ÌBÉÈRÈ: Mo sọ ìṣòro tí ó wà láàárín èmi àti ọkọ mi fún ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wa kí wọ́n lè fi í sínú àdúrà. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo ìjọ fi mọ̀. (A fi orúkọ àti ìlú bò ó láṣírí)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀dùn ọkàn ni lẹ́tà yìí jẹ́ fún mi, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Alágbàwí ni ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, tí ó sì lọ wí i níwájú ẹni tí ó lè ṣe é. Ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ kan náà tí ó lọ wí i ní ilé aládùúgbò, olófòófó ni orúkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ.

Ẹ sọ fún olórí ẹgbẹ́ náà, ní ìkọ̀kọ̀, pé ohun tí wọ́n ṣe dùn yín. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá tún fẹ́ kí a gbàdúrà fún yín, "Ẹ rántí mi" ti tó. Ọlọ́run mọ ìyókù. Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ aládùúrà, tí ẹ̀ ń kó ẹ̀dùn ọkàn àwọn ènìyàn sórí WhatsApp kí gbogbo ènìyàn lè tẹ Àmín sí i, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ lè ka ohun tí ẹ kọ sétí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

ÌBÉÈRÈ: Wòlíì kan ní kí n mú ₦150,000 wá kí òun fi ọjọ́ 21 gbàdúrà lórí òkè fún mi nítorí pé n kò ríṣẹ́. Ṣé ó bá Bíbélì mu? (Ọ̀dọ́bìnrin kan láti Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Rárá. Simónì ará Samáríà fi owó lọ Pétérù kí ó lè gba agbára Ọlọ́run, ẹ sì lè ka èsì tí Pétérù fún un nínú Ìṣe orí 8. Ọ̀tọ̀ ni kí ìjọ máa bọ́ òṣìṣẹ́ Ọlọ́run, èyí tí ó tọ́, ọ̀tọ̀ sì ni kí a dá iye lé orí ẹ̀bẹ̀.

Ohun tí owó ń bàjẹ́ níhìn-ín ni ó ká mi lára jù. Mo ti sọ lókè pé ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ ti di onígbọ̀wọ́. Owó ni ó ń tú ìgbọ̀wọ́ yẹn ká. Ẹni tí a sanwó fún ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 21, kò jẹ wá ní nǹkankan mọ́, kò ní béèrè ní oṣù tí ń bọ̀ bóyá a ti jẹun. Jákọ́bù 5, ẹsẹ 16, ní kí a máa gbàdúrà fún ara wa: lónìí èmi fún ọ, lọ́la ìwọ fún mi. Kò sí oníbàárà nínú rẹ̀.

Àwa Yorùbá kò sì yẹ kí a gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà, Aládùúrà, ṣe wọlé tọ̀ wá. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Ní 1925, ní Èkó, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n wà nínú ìran fún ọjọ́ mélòó kan, ọkàn àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì balẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Moses Orímọládé, ọkùnrin tí ó ń rìn tiro, ó wá sí ilé wọn, ó sì gbàdúrà fún un. Láti inú ilé yẹn ni ẹgbẹ́ Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó gbàdúrà àti ẹni tí a gbàdúrà fún jọ di ara kan náà. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Ẹ fi owó yín sí àpò. Ẹ sọ fún ìyá ìjọ kan tí ó ń tajà, tí ó mọ ènìyàn, pé kí ó gbàdúrà pẹ̀lú yín, kí ó sì máa gbọ́ fún yín bóyá iṣẹ́ wà níbìkan.

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin kan gba ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lò fún ọdún mẹ́sàn-án mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú irọ́. Pásítọ̀ wa ní kí n máa gbàdúrà fún un. Ṣé kí n ní kí Ọlọ́run bù kún un ni? Àwọn mìíràn ní kí n gbàdúrà kí iná jó o. (Oníṣòwò kan láti Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbàdúrà iná. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, mo mọ̀ pé ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń tu ọkàn lára, ṣùgbọ́n Jésù kọ̀ ọ́ fún Jákọ́bù àti Jòhánù nígbà tí wọ́n fẹ́ kí iná sọ̀ kalẹ̀ sórí ìletò àwọn ará Samáríà, ó sì bá wọn wí.

Gbígbàdúrà fún obìnrin náà kò sì túmọ̀ sí pé ohun tí ó ṣe dára. Ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà àti àwọn àgbà ọjà, ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù pàápàá, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún un ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún Ọlọ́run, pé inú ń bí yín, pé ó rẹ́ yín jẹ. Sáàmù kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Bí ìbùkún bá ṣòroó pè, ẹ bẹ Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí ó rí ohun tí ó ṣe. Stéfánù ń kú lọ nígbà tí ó bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí ń sọ ọ́ lókùúta, Sọ́ọ̀lù tí ń ṣọ́ aṣọ wọn, ẹni tí ó di Pọ́ọ̀lù lẹ́yìn náà, sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi àgbà. Kò mọ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó bá òun gbàdúrà, etí ìró rẹ̀ ni ó máa ń ta ní kókó, ní ibi tí àwọn obìnrin ń di owó sí, kókó kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí àkùkọ bá kọ, a máa gbọ́ tí ó ń dá orúkọ pè lórí ẹní, bí ó bá sì ti bẹ̀bẹ̀ fún ẹnì kan, á tú kókó ti ẹni náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, etí ìró á ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó kàn máa ń rún wínniwínni ni. Ní ọdún kan, èmi tí mò ń bá a ká aṣọ rí i pé kókó kan wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ó sì tún wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, àti ìkẹta. Mo fẹ́ bá a tú u, ó gbá mi lọ́wọ́. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Mo ti pè é, ṣùgbọ́n kò tíì tú nínú mi." Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ta èlùbọ́ lọ́jà ni, tí ó ti ba ìyá mi àgbà lórúkọ jẹ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ó gbé kókó yẹn kiri tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bu èlùbọ́ kún igbá, ó gbé e lé mi lórí, a sì jọ rìn lọ sí ilé obìnrin náà, nítorí pé a gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún tí kò lè dé ọjà. Wọn kò sọ̀rọ̀ ìjà. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ iye tí iṣu di, obìnrin náà sì bù omi fún wa mu. Nígbà tí a padà délé, ìyá mi àgbà ní kí n gbé àtùpà súnmọ́ òun. Kókó náà ti le koko, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tú u mọ́. Eyín ni ó fi tú u.